Kí ló dé táwọn òbí inú ìwé àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà l'Amẹ́ríkà kì í sọ ìtàn ara wọn fọ́mọ?

Àdùkẹ́_òǹkàwé: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka The Woman Warrior tán, ìwé tí Maxine Hong Kingston gbé jáde ní 1976. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìyá ló ń kìlọ̀ fọ́mọ ẹ̀ obìnrin pé ohun tóun fẹ́ sọ yìí, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fẹ́nì kankan, ló bá sọ ti arábìnrin bàbá ẹ̀ kan tó lóyún nígbà tó ti pẹ́ tọ́kọ ẹ̀ ti lọ s'Amẹ́ríkà, tó wá bẹ́ sínú kànga tòun tọmọ tuntun. Látìgbà yẹn gbogbo ilé ṣe bí ẹni pé wọn ò bí i rí. Ó dùn mí wọra. Nínú The Joy Luck Club ti Amy Tan náà, ìyá Jing-mei ti kú kọ́mọ tó gbọ́ ìdí tó fi gbé àwọn ìbejì ẹ̀ kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà nígbà ogun, bàbá ló padà sọ ọ́. Ṣé àṣà wọn ni kí òbí máa pa ìtàn mọ́nú báyìí ni àbí nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀?

Akin_SF: Àǹtí, ẹ má dà á lé àṣà lórí tán o. Òfin wà ńbẹ̀. 1882 ni Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ó di 1943 kí wọ́n tó fagi lé e, èèyàn 105 péré ni wọ́n sì wá ń gbà lọ́dún nígbà yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí iná sì jó ìwé ìjọba ní San Francisco ní 1906, ọ̀pọ̀ wọn ní ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn sí, torí ọmọ ìlú lẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀, ọmọ ẹ̀ náà sì lè wọlé, wọ́n wá ń mú ọmọ ọlọ́mọ wọlé bí ọmọ tiwọn, àwọn ni wọ́n ń pè ní paper son, ọmọ orí pépà. Ọmọ yẹn á há ìdílé onídìílé sórí, ilé mélòó ló wà lábúlé, ibo ni ilẹ̀kùn kọjú sí, torí ohun tí wọ́n máa bi í ní Angel Island nìyẹn, erékùṣù tí ìjọba ti ń yẹ àwọn tó ń wọlé wò, tó bá ṣì í sọ ó lè padà sílé. Ẹni tó wá ń jẹ́ orúkọ olórúkọ títí tó fi bímọ, ìtàn ìdílé wo ló fẹ́ sọ fọ́mọ tó ń lọ skúùlù? Kingston gan-an kọ ọ́ pé àṣírí wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá sọ ọ́ síta, wọ́n lè dá wọn padà sí Ṣáínà.

Ìyá_Ìbejì: Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé tó ya wọlé tí wọ́n ba gbogbo nǹkan jẹ́ lálẹ́ tí arábìnrin bàbá inú ìwé Kingston yẹn fẹ́ bímọ, Ṣáínà níbẹ̀ yẹn, ìmígíréṣọ̀n kọ́ ló rán wọn. Ìtìjú ni, àwọn ẹbí ẹ̀ ló sì pinnu pé wọn ò ní dárúkọ ẹ̀ mọ́. Ẹ ka ìwé Bone náà mọ́ ọn, ti Fae Myenne Ng, 1993. Leon tó wà níbẹ̀, ọmọ orí pépà lòun náà, ó kó gbogbo pépà ayé ẹ̀ sínú àpótí kan, títí kan lẹ́tà àwọn tó kọ̀ láti gbà á síṣẹ́ àtàwọn tí ò fún un nílé. Ọmọ ìyàwó ẹ̀ ló wá ń tú u wò. Mo sunkún níbẹ̀.

Àdùkẹ́_òǹkàwé: Ẹ ṣé gan-an, màá wá Bone. Mo tún padà lọ ka ti kànga yẹn lálẹ́ àná. Ọmọ tó ń sọ ìtàn yẹn fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ pé ogún ọdún lòun ò fi bèèrè nǹkan kan nípa obìnrin yẹn, òun ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní, àti pé òun náà wà lára àwọn tó fìyà jẹ ẹ́. Mi ò kíyè sí ibẹ̀ yẹn nígbà àkọ́kọ́.