Iṣẹ́ drywall tí mo ṣe: èmi ní ó ti parí, oníbàárà mi ní kò tíì parí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníṣẹ́ Ògiri

Mo kí gbogbo ilé. Ìpínlẹ̀ Maryland ni mo ti ń ṣiṣẹ́ drywall, ìyẹn páálí tí wọ́n fi ń bo igi inú ilé ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, dípò kí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri bí a ṣe ń ṣe nílé. Ọdún kẹjọ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyí, mo ní ìwé àṣẹ ìjọba, mo sì ní ìwé adójútòfò. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti oníbàárà mi kan tí n kò fẹ́ kó di ẹjọ́, ṣùgbọ́n n kò lè torí rẹ̀ gbé owó mi jù sígbó.

Màmá kan tó ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí ni wọ́n, ìjọ kan náà la sì jọ ń lọ. Páìpù omi bẹ́ nílé wọn nígbà òtútù tó kọjá, omi sì ba ògiri yàrá ìgbàlejò jẹ́, pẹ̀lú yàrá méjì lókè. Yàrá ìgbàlejò náà ga, àjà rẹ̀ dé òkè ilé kejì. Páálí 100 ni iṣẹ́ náà gbà, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn. A fẹnu kò sí 9,600 dọ́là, mo kọ ìwé àdéhùn ojú ewé kan, àwa méjèèjì sì bu ọwọ́ lù ú: 3,200 kí n tó bẹ̀rẹ̀, 3,200 nígbà tí gbogbo páálí bá ti wà lára igi, 3,200 «nígbà tí iṣẹ́ bá parí». Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìlà kan péré ni mo kọ: «Fífi drywall bo yàrá mẹ́ta títí dé ibi tí a ó ti lè kùn ún lọ́dà.»

Mo fi téèpù lẹ gbogbo ojú ìpàdé, mo fi àpòpọ̀ funfun tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní mud bò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi sáńpépà ha á, mo gbálẹ̀. Màmá wò ó láàárọ̀, wọ́n súre fún mi. Lọ́sẹ̀ kejì, akunlé tí àwọn fúnra wọn pè wá, ó sì fi ọ̀dà tó ń dán kùn ún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí. Mo débẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Fèrèsé ńlá mẹ́ta ló kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nínú yàrá náà. Bí oòrùn ṣe fi ẹ̀gbẹ́ gba ara ògiri kọjá, gbogbo ojú ìpàdé páálí yọ síta bí eegun ìhà ajá tí ebi ń pa. Màmá tan iná fóònù wọn, wọ́n tẹ́ ẹ mọ́ ara ògiri, wọ́n ní, «Ọmọ mi, kí lèyí?» Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibẹ̀ lọ pa á bọ̀. Ọwọ́ mi kò kan òkè, kò kan kòtò. Ojú nìkan ló ń rí i.

Wọ́n ní àwọn kò ní san 3,200 tó kù àfi bí mo bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ fi gbèsè náà de ilé wọn ní kóòtù, èyí tí wọ́n ń pè ní mechanic's lien, kí wọ́n má lè tà á láìsan owó mi. Òmíràn ní kí n fi owó náà ta ọrẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Lanham

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí màmá. Èmi náà ti wà ní ipò wọn rí. Ọmọ ìlú wa kan ló bá mi bo yàrá abẹ́ ilé mi. Ó gba ìdajì owó kó tó gbé páálí kan ṣoṣo wọlé, ó ń gba ìyókù díẹ̀díẹ̀ lórí pé òun fẹ́ san owó àwọn ọmọ iṣẹ́, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé ó fi àjà mi sílẹ̀ pẹ̀lú téèpù tó ń já bọ́ sórí àga. Ìgbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Maryland Home Improvement Commission, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn agbaṣẹ́ṣe àtúnṣe ilé, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òfin kò gba agbaṣẹ́ṣe láàyè láti gba àsansílẹ̀ tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ lọ, pé nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé àdéhùn, àti pé àpò owó tí wọ́n fi ń san àdánù fún onílé kò kan ẹni tó gbé iṣẹ́ fún aláìníwèé-àṣẹ. Tèmi kò ní ìwé kankan. Bí owó mi ṣe wọgbó nìyẹn, ará ìlú wa sì tún ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín níbi òde.

Owó tí màmá dì mú yẹn, òun nìkan ni agbára tó kù lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ǹjẹ́ nọ́ńbà ìwé àṣẹ yín wà lórí ìwé náà? Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí ńkọ́?

Oníṣẹ́ Ògiri

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, ọjọ́ méjèèjì wà níbẹ̀, màmá sì ní ẹ̀dà tiwọn kí n tó gbé irinṣẹ́ wọlé. Àsansílẹ̀ tí mo gbà kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ọ̀gá Onípáálí, Baltimore

Ọmọ mi, ìwé rẹ tọ́ lójú òfin, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo tó yẹ kó gbà ọ́ ni kò sí níbẹ̀. O kò kọ Level.

Nítorí àwọn onílé tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n là á. Àwọn Gypsum Association, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí yìí, ní ìwé kan, GA-214, tí àwa oníṣẹ́ drywall ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé. Ó pín ìparí ògiri sí ìpele, láti Level 0, níbi tí páálí kàn wà lára igi lásán, títí dé Level 5. Level 4 ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń ṣe nínú ilé tí ènìyàn ń gbé: téèpù wà nínú mud, a tún fi mud bo ojú ìpàdé náà lẹ́ẹ̀mejì sí i, a sì bo orí ìṣó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àárín páálí kò ní nǹkan kan lára ju pépà rẹ̀ lọ. Level 5 ni kí o ṣe gbogbo ìyẹn tán, kí o wá fi mud tín-ín-rín bo gbogbo ojú ògiri láti òkè délẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ohun kan náà ni ọ̀dà yóò bá pàdé níbi gbogbo.

Ìdí tí ọwọ́ rẹ kò fi kan nǹkan kan nìyẹn. Pépà kì í mu ọ̀dà bí mud ṣe ń mu ún, ara wọn kò sì rí bákan náà. Bí ọ̀dà bá dán tí oòrùn sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá a, ojú á rí ìyàtọ̀ náà kedere. Ti ẹ̀gbẹ́ kúkúrú páálí tún burú sí i: ẹ̀gbẹ́ gígùn tẹ́ wọlé díẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ó sì ń gba mud sínú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kò tẹ́, orí rẹ̀ ni mud ń jókòó sí, bí o bá ti wù kí o tẹ́ ẹ fẹ̀ tó. GA-214 kò dámọ̀ràn ọ̀dà tó ń dán lórí Level 4. Level 5 ló ní kí a ṣe fún irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, àti fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti le.

Nítorí náà, Level 4 tó dára lo ṣe fún màmá, n kò ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó mọ̀ pé Level 4 kò ní gba ọ̀dà dídán nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn? Màmá ni àbí ìwọ? Kí n tó dá owó lé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ohun méjì ni mo máa ń béèrè: irú ọ̀dà wo lẹ fẹ́ fi kùn ún, ibo sì ni oòrùn ń gbà wọlé? Mo tún máa ń lọ wo ilé náà nírọ̀lẹ́. Ìlà tí mo máa ń kọ nìyí, o lè mú un lò: «Ògiri yàrá ìgbàlejò àti àjà rẹ̀ yóò jẹ́ Level 5, ògiri yàrá yòókù yóò jẹ́ Level 4, ọ̀dà tí kò dán nìkan ló bá a mu. Onílé àti agbaṣẹ́ṣe yóò jọ yẹ ògiri wò kí ọ̀dà kankan tó kàn án, wọn yóò sì bu ọwọ́ lùwé pé ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ìsanwó ìkẹyìn di dandan lọ́jọ́ náà.» Bí onílé kò bá fẹ́ san owó Level 5, ó dáa, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fi lọ òun, òun kò gbà á.

Akunlé

Ẹ má gbàgbé akunlé o. Ṣé ó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún drywall kùn ún kó tó kan ọ̀dà dídán? Èmi kì í kan ògiri tí n kò tíì fi iná wò láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé bí mo bá ti kùn ún, mo ti gbà á nìyẹn.

Oníṣẹ́ Ògiri

Ọ̀gá, ẹ ṣeun púpọ̀. Òótọ́ kòrò, ṣùgbọ́n mo gbà á. Mo bi akunlé náà lórí fóònù: ọ̀dà dídán ló kàn gbé lé e lẹ́ẹ̀mejì, kò fi ti ìpìlẹ̀ síbẹ̀. Ǹjẹ́ ìyẹn kò dá mi láre?

Akọ̀wé Lọ́yà

Kì í ṣe lọ́yà ni mí o, ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Maryland níhìn-ín. Ó lè dá yín láre díẹ̀, kò lè dá yín láre pátápátá. «Títí dé ibi tí a ó ti lè kùn ún lọ́dà» tí ẹ kọ yẹn ní ìtumọ̀ méjì, ẹ̀yin sì lẹ kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé àdéhùn bá rújú, adájọ́ sábà máa ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kọ ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín gbàgbé ọ̀rọ̀ dídè ilé. Bó bá jẹ́ àtúnṣe ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni, òfin Maryland ní iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tó ìdá 15 nínú 100 iye tí ilé náà tó. Ká ní ilé màmá tó 400,000 dọ́là, 60,000 nìyẹn, 9,600 yín kò sì sún mọ́ ọn rárá. Ohun tó wà fún yín ni District Court, níbi tí ẹjọ́ owó tí kò ju 5,000 dọ́là lọ ti jẹ́ ẹjọ́ kékeré tí ẹ lè rò fúnra yín láìgba lọ́yà. Ẹ ní ìwé àṣẹ, nítorí náà kóòtù yóò gbọ́ yín. Bí ẹ kò bá ní in ni, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ fi ìwé àdéhùn náà gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ dúró níwájú adájọ́ pẹ̀lú màmá ìjọ yín, kí wọ́n sì tan iná fóònù níbẹ̀?

Àrẹ̀mú, Houston

Tèmi yàtọ̀. Ẹ kò bá má ti gbé iṣẹ́ ará ìjọ rárá. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń ní «ṣé èmi náà la ó máa kọ̀wé fún?»

Ìyá Ìbejì, Lanham

Àrẹ̀mú, ta ni kí ó wá bá wa ṣe é? Ará ìjọ gan-an ló yẹ kí ìwé tirẹ̀ gùn jù, torí a óò tún pàdé lọ́jọ́ Àìkú.

Ọ̀gá Onípáálí, Baltimore

Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Yàrá méjì tó wà lókè kò ní wàhálà, àbí? Ògiri tí oòrùn ń gbá àti àjà yàrá ìgbàlejò nìkan ni kí o tún ṣe. Fi sáńpépà pa dídán ọ̀dà náà kú kí mud tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ṣí. Kí màmá ra mud àti ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ìwọ fi agbára rẹ sí i. Má lọ ṣe é lórí ọ̀rọ̀ ẹnu o. Kọ ìwé àfikún.

Oníṣẹ́ Ògiri

Mo ti padà dé láti ilé màmá. Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo sọ pé ó yẹ kí n ti béèrè irú ọ̀dà tí wọ́n fẹ́, n kò sì béèrè. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní akunlé náà ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn. A jọ jókòó sídìí tábìlì, mo kọ ìwé àfikún: ògiri kan àti àjà, Level 5, ọ̀dà ìpìlẹ̀ kí ọ̀dà mìíràn tó kàn án. Wọn yóò ra ohun èlò, agbára mi kò ní gba owó kún un. Wọ́n san 1,600 fún mi lójú ẹsẹ̀ fún àwọn yàrá òkè, 1,600 yòókù di ọjọ́ tí a bá jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ti fẹ́ bu ọwọ́ lù ú nígbà tí màmá gba báírò lọ́wọ́ mi, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: «Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni a ó wò ó, kọ́tìnnì yóò sì wà ní ṣíṣí.»