Little Italy wo ni kí n mú àlejò mi lọ ní New York: Mulberry àbí Arthur Avenue?

AráBrooklyn:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń bọ̀ wá kí wa lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní ohun táwọn fẹ́ rí jù ni àdúgbò táwọn ará Ítálì tẹ̀dó sí, káwọn sì jẹ oúnjẹ wọn níbẹ̀. Mulberry Street ní Manhattan ni mo mọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ àwa àlejò la kún ojú títì, wọ́n kàn ń pè wá wọlé jẹun ṣáá, mi ò rí ẹni tó ń ra nǹkan ọbẹ̀ lọ sílé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní Arthur Avenue ní Bronx ni kí n lọ. Ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń torí ẹ̀ wọ tréènì láti Brooklyn? Ẹ̀gbọ́n ò sì ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ o, Mùsùlùmí ni wọ́n.

ỌmọBelmont:
Bọ̀dá, Bronx ni kẹ́ ẹ lọ. Ìtòsí ibẹ̀ ni mò ń gbé, ọjà gidi ni, ibí ń ta ẹja, tọ̀hún ń ta búrẹ́dì, àwọn ìyá àgbà ń bá alápatà jiyàn lórí ẹran tí wọ́n fẹ́ kó gé. Tẹ́lẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n ti ń tajà lójú títì, nínú òjò nínú òtútù, títí di 1940 tí Fiorello La Guardia tó jẹ́ méyọ̀ nígbà yẹn, tí bàbá òun náà wá láti Ítálì, kó wọn sínú ilé ọjà kan, torí kò fẹ́ kẹ̀kẹ́ lójú títì mọ́. Ilé yẹn ṣì wà, wọ́n ṣì ń tajà nínú ẹ̀. Ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù Borgatti's tó ń ṣe pasta ní East 187th Street, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1935, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí pasta yín fẹ̀ tó, wọ́n á gé e lójú yín.

ÌyáÌbejìFordham:
Ẹ mójú tó ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn dáadáa, èmi náà ò ń jẹ ẹ́. Salami, sọ́séèjì gbígbẹ tí wọ́n so rọ̀ lókè yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí ò ṣòro, ojú á rí i. Búrẹ́dì ló ń tanni jẹ torí òmíràn wà tí wọ́n po ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Cannoli náà, ìpápánu dídùn tí wọ́n ń dín tí wọ́n sì ń ki ṣíìsì sí nínú, àwọn kan ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì po ìyẹ̀fun ara ẹ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, wọn kì í bínú. Ravioli oníṣíìsì, ìyẹn pasta tí wọ́n ki ṣíìsì sí nínú, wà, ẹja wà, ólífì wà. Tẹ́ ẹ bá ra mozzarella tútù, ṣíìsì funfun wọn yẹn, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má gbé e sí fríìjì, ó máa ń le.

OníD:
Tréènì D láti Brooklyn dé Fordham Road, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì Bx12, ó lè ju wákàtí kan lọ. Sátidé láàárọ̀ ló dáa jù, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kì í ṣí ní Sọ́ńdé. Mulberry náà ní tiẹ̀ o, tó bá jẹ́ September ni wọ́n ń bọ̀, ayẹyẹ San Gennaro, ẹni mímọ́ àwọn ará Naples ní Ítálì, wà níbẹ̀, láti 1926 ni wọ́n ti ń ṣe é.

Àlejò187:
Mo lọ lọ́dún tó kọjá, àwọn ará Albania àtàwọn ará Mexico ni mo rí tí wọ́n pọ̀ níbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá a ṣì lè pè é ní ti Ítálì.

ỌmọBelmont:
@Àlejò187 kì í ṣe òní ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù Teitel Brothers ní Arthur Avenue, ólífì, òróró àti ṣíìsì Ítálì ni wọ́n ń tà láti 1915, Júù sì ni ìdílé tó dá a sílẹ̀, ìràwọ̀ Dáfídì wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn dòní. Ẹni tó bá ń ṣe oúnjẹ yẹn bó ṣe yẹ ti di ará ibẹ̀ lójú tèmi, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n wà, torí àwọn ọmọ àwọn àgbà Ítálì púpọ̀ ti kó lọ.

AráBrooklyn:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ̀gbọ́n ti rí i, wọ́n ní September làwọn ń bọ̀, kí n yáa mú Sátidé méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún Bronx, ọ̀kan fún Mulberry.