Àpilẹ̀kọ mi lórí àdìrẹ ti já wálẹ̀ lórí Google

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àpilẹ̀kọ mi lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rì í bọ aró, ló máa ń wà lókè pátápátá tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo gé àdírẹ́sì rẹ̀ lórí ayélujára kúrú, n kò sì fi 301 (àmì tó ń sọ fún Google pé ojú ìwé kan ti kó lọ sí àdírẹ́sì mìíràn pátápátá) darí ti àtijọ́ sí tuntun. Ojú ìwé kẹrin ni mo ti ń rí i báyìí. Ó dùn mí wọra, torí ìyá mi ló jókòó kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Mo ti ṣe 301 náà láti ọjọ́ Àìkú. Ṣé kí n ní sùúrù ni, àbí kí n dá àdírẹ́sì àtijọ́ padà? Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.