Ríìlì àna mi ti le gbagidi, ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò sì dé

Ọmọ Èpẹ́, Gravesend: Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò gba ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ sílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti oṣù tó kọjá, wọ́n sì kó ẹrù ìpẹja wọn pamọ́ sínú yàrá ẹrù wa. N kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn tí mo fi gbé ọ̀pá àti ríìlì wọn, ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn ìwọ̀, lọ sí etíkun Deal ní Sọ́ńdè méjì sẹ́yìn. Mo pa ẹja títúsì 11, inú mi dùn, mo gbé ríìlì kalẹ̀ sórí òkúta etíkun kí n lè ya fọ́tò, ni ìgbì bá bò ó mọ́lẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún, mo jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lálẹ́ àná tí mo yọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò yí mọ́, lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun sì ti yọ ní gbogbo oríkèé rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n yóò dé. Ṣé kí n tú u fọ̀ ni, àbí kí n yára ra irú rẹ̀ kí n sì pa ẹnu mọ́? Bí ó bá jẹ́ rírà, nọ́ńbà wo ni kí n rà? Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ti pa rẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé wọ́n máa ń fọ́nnu pé ó dára fún odò, ó dára fún òkun.

Ìyá Ìbejì, Baltimore: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, má sì fi ipá yí i. Èmi fi ipá yí tèmi ní ọdún 2019, eyín inú rẹ̀ sì kán. Èrò mi nígbà náà ni pé Chesapeake, ọ̀sà ńlá ọ̀dọ̀ wa níbí, kì í ṣe òkun, nítorí pé bí a bá tọ́ omi ọ̀dọ̀ wa wò, iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti ọbẹ̀. Odò àti òkun ni ó pàdé níbẹ̀, iyọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ sì tó pa ríìlì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó kàn ń pa á. Ohun tí ó kọ́kọ́ kú ni kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó wà ní orígun apá wáyà, tí okùn máa ń gbà kọjá. Gbogbo okùn tí ó bá ti inú omi bọ̀, orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni yóò ti fún omi iyọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí kò yí mọ́, okùn ń rẹ́ ẹ, òun náà ń rẹ́ okùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ra okùn tuntun láàárín oṣù díẹ̀, tí mo ń ṣépè fún ẹni tí ó tà á fún mi, láìmọ̀ pé ọwọ́ mi ni ọ̀tá wà. Fi ìka kan yí kẹ̀kẹ́ yẹn, kí o sọ fún wa bóyá ó yí.

Ọmọ Èpẹ́, Gravesend: Kò yí rárá, àǹtí mi.

Àgbà Ìwọ̀, Houston: O ṣe báyìí tán, o tún ń pe ara rẹ ní ọmọ Èpẹ́! Ó dára, tẹ́tí sí mi. Kí omi tó kan ríìlì yẹn, yí bíréèkì tí ó wà níwájú rẹ̀, èyí tí ó ń dá okùn dúró kí ẹja má baà sáré fà á tú, títí yóò fi le, kí omi má baà wọ àárín àwọn wọ́ṣà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa rọ̀ sí i lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò ìrọ̀lẹ́. Má ṣe fi páìpù ìfọkọ̀ fín in, nítorí pé agbára omi náà ni yóò ti iyọ̀ wọ ibi tí kò tíì dé. Nù ún, gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, má gbé e sórí híítà, kí o sì dẹ bíréèkì padà kí àwọn wọ́ṣà má baà sun oorun ìfúnpọ̀. Bí ó bá gbẹ, kán òróró ẹ̀rọ ẹyọ kan sí kẹ̀kẹ́ tí Ìyá Ìbejì wí, kí o kán ẹyọ kan sí ìdí ọwọ́ tí a fi ń yí i, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ríìlì tí èmi pa kò rí irú ìtọ́jú yìí. Orí iyanrìn Galveston ni mo gbé e kalẹ̀ sí kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì di ẹja mú, iyanrìn náà sì lọ̀ ọ́ bí ọlọ ti ń lọ ata. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọkọ̀ òfurufú lọ sí Èkó.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́jà, Manchester: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà. Odindi ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ri ríìlì mi sínú bàsíà omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti òkun dé, mo sì máa ń fi ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ sí i. Nǹkan kan kò ṣe é.

Àgbà Ìwọ̀, Houston: Ọṣẹ ìfọwo ni o pè é! Ọṣẹ tí ó ń ká ọ̀rá kúrò lára ìkòkò, ta ni yóò sọ fún un pé gírísì inú ríìlì kì í ṣe ọ̀rá ọbẹ̀? Bí o bá ri ríìlì sínú omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò jáde, omi yóò gba ipò afẹ́fẹ́, iyọ̀ tí ó wà lára rẹ̀ lóde yóò sì bá omi wọlé. O gbé olè láti ìta, o fún un ní yàrá.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́jà, Manchester: Omi kò lè wọ tèmi, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti fi rọ́bà dí gbogbo ojú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Baltimore: Kí ni o kò fi sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹni tí ó wọ bàtà òjò wá ń sọ fún ẹni tí ó wọ sálúbàtà pé ẹrẹ̀ kì í mú ẹsẹ̀. Ọmọ Èpẹ́, má fetí sí i. Ibi tí a ká okùn sí nìkan ni mo máa ń yọ kúrò lára tèmi tí mo ń fọ̀ dáadáa lábẹ́ omi ẹ̀rọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ okùn híhun, nítorí pé ààrin òwú rẹ̀ máa ń fa omi iyọ̀ mu bí aṣọ ìnura.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́jà, Manchester: Mo ṣì ń ri tèmi.

Àgbà Ìwọ̀, Houston: Máa rì í lọ. Rọ́bà náà ń gbó bí àwa náà ṣe ń gbó. Ọjọ́ tí ó bá là, wá jẹ́wọ́ níbí.

Ọmọ Ìbàdàn, Croydon: Ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí pé ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ẹja di ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Kò sí ríìlì tí ó ṣe déédéé fún odò àti òkun, bí kò ti sí bàtà kan tí a lè wọ̀ lọ sóko kí a tún wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìyàwó. Nọ́ńbà ríìlì ni ó ń sọ bí ó ṣe tóbi tó. Fún odò àti adágún, 2500 tàbí 3000 ti tó, pẹ̀lú ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7. Fún etíkun, bẹ̀rẹ̀ láti 4000 tàbí 5000, kí ọ̀pá sì tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Bí àna rẹ bá ń fi ẹyọ kan ṣe méjèèjì, èmi yóò fọkàn sí 4000, ṣùgbọ́n wo ara ọ̀pá kí o tó náwó, nítorí pé lókè ibi tí a ti ń dì í mú, wọ́n kọ ìwọ̀n ohun tí a lè fi jù síbẹ̀. Èmi kò ka tèmi. Gíráàmù 10 sí 30 ni wọ́n kọ. Mo so òjé gíráàmù 112 mọ́ ọn ní Brighton, mo sì fi gbogbo agbára tí wọ́n fi iyán tọ́ dàgbà jù ú. Ìdajì ọ̀pá bá òjé lọ. Bàbá òyìnbó kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn rọra gbé àga rẹ̀ jìnnà sí mi.

Àgbà Ìwọ̀, Houston: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọ̀pá ni ó dá. Bí ó bá jẹ́ pé okùn ni ó já, òjé yẹn ì bá fò bí ọta ìbọn. Ẹni tí yóò bá ju òjé tí ó wúwo gbọ́dọ̀ so okùn iwájú tí ó nípọn mọ́ okùn rẹ̀, kí ó gùn tó láti yí ibi ìkákùn po ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Ìṣirò wa ni agbára póùn 10 fún gíráàmù 28 òjé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà gíráàmù 112 ń béèrè okùn iwájú tí agbára rẹ̀ jẹ́ póùn 40. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọlàkejì ni èyí.

Àǹtí Aláta, Dagenham: Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ sọ ti bíréèkì sókè ẹ sì kúrò nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ó já mi kulẹ̀. Mo máa ń le tèmi pinpin bí nọ́ọ̀tì táyà. Lórí afárá gígùn tí ó wọ inú omi ní Southend, ẹja tí n kò rí irú rẹ̀ rí gbé ìdẹ mi, okùn já pàá, ọ̀pá sì ta padà gbá mi ní iwájú orí. Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn àpótí lọ sílé, kí wọ́n má baà dójú tì mí ní pápákọ̀ òfurufú nítorí kílò 23, òun ni mo fi ń wọn bíréèkì. Màá so ẹnu okùn mọ́ ìkọ́ rẹ̀, ọmọ mi yóò di ọ̀pá mú, èmi yóò máa fà á díẹ̀díẹ̀, mo sì ń wo nọ́ńbà. Bí okùn bá lè gbé póùn 20, ríìlì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀ ní nǹkan bí póùn 5, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, mo dẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́jà, Manchester: Àǹtí, ẹ ṣeun fún èyí. Òṣùwọ̀n ẹrù! N kò ronú kàn án rí.

Ọmọ Ìbàdàn, Croydon: Ṣé ìwọ a máa ronú ni? Ta ni ó fi fọ́tò síbí ní ọdún tó kọjá, tí ríìlì rẹ̀ wà lórí ọ̀pá bí ẹni gbé ìbọn ṣakabùlà, tí ó sì ń yí i sẹ́yìn? Abẹ́ ọ̀pá ni irú ríìlì yìí ń gbé.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́jà, Manchester: Ẹja ṣáà gbé e.

Àǹtí Aláta, Dagenham: Ọmọ Èpẹ́, bí o bá ra tuntun, má lọ dán an wò nínú odò láìwádìí o. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá dúró sí etíkun kò nílò ìwé àṣẹ ọ̀pá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní i kí ó tó pẹja lódò, ẹja tí kì í ṣe ti ìdílé salmon tàbí trout sì ní ìsinmi nínú odò láti 15 oṣù Kẹta títí di 15 oṣù Kẹfà. Oṣù Karùn-ún ni èmi jókòó sí etí odò Lea pẹ̀lú fúláàsì tíì mi, tí mo ń rẹ́rìn-ín sí òṣìṣẹ́ tí ó ń bọ̀, mo rò pé ó fẹ́ kí mi ni. Owó ìtanràn náà ju ti ríìlì méjì lọ.

Àgbà Ìwọ̀, Houston: Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ti odò mọ́ yín, ẹ tún ń pe ibẹ̀ ní Ìlú Ọba! Ẹ kó wá sí Texas, kí ẹ wá rí ẹja tí ó ń fa ènìyàn. Red drum wa, ẹja òkun ńlá kan, bí kò bá tó íǹṣì 20, a óò dá a padà. Bí ó bá kọjá íǹṣì 28, àfi kí a ní táàgì, ìyẹn àmì ìyọ̀ǹda, kí a tó lè gbé e lọ sílé. Títúsì tí ẹ ń pa yẹn, ìdẹ ni a fi ń ṣe níbí.

Ìyá Ìbejì, Baltimore: Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ti ọjọ́ tí ẹ mú ìwé àṣẹ omi odò lọ sí Galveston, tí wọ́n béèrè ti omi iyọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ sì tún sọ ti àrọ̀ òkun.

Àgbà Ìwọ̀, Houston: Mo sanwó, ọ̀rọ̀ parí. Àrọ̀ òkun náà, ó dára, mo jẹ́wọ́. Mo rí irùngbọ̀n rẹ̀, inú mi dùn, mo rò pé ọmọ ilé ni, mo sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ kí n lè yọ ìwọ̀. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ gba inú bàtà wọ ẹsẹ̀ mi, oró sì wà nínú ẹ̀gún náà. Ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu àbàjẹ.

Ìyá Ìbejì, Baltimore: Ẹ wá sọ́dọ̀ wa kí ẹ jẹ ojúlówó àrọ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń rọ̀ wá pé kí a máa pa blue catfish, nítorí pé àlejò ni nínú Chesapeake, ó sì ń jẹ akàn wa run. Níbo ni ẹ tún ti gbọ́ pé ìjọba ń bẹ Yorùbá pé kí ó jẹ àrọ̀? Mo se é ní Sátidé tó kọjá pẹ̀lú ẹfinrin tí ìyá mi fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, kì í ṣe ọ̀bọ̀kún.

Àǹtí Aláta, Dagenham: Ẹ má dárúkọ ọ̀bọ̀kún sí mi létí ní àárọ̀ yìí.

Ọmọ Ìbàdàn, Croydon: Àṣéjírẹ ni mo ti kọ́ ìwọ̀ jíjù. A kò ní ríìlì. Agolo mílíìkì ni a ká okùn náílọ̀n mọ́, a óò na ẹnu rẹ̀ sí odò, a óò ju òjé, okùn yóò sì máa tú kúrò lórí agolo fúnra rẹ̀. Bí ẹja bá fà, ìka wa ni bíréèkì. Àpá rẹ̀ wà ní ìka ìlábẹ̀ mi títí di òní. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ríìlì ní ilé ìtajà níbí, mo dúró, mo wò ó, mo ní agolo mílíìkì nìyí tí wọ́n fi ọwọ́ sí.

Àgbà Ìwọ̀, Houston: Agolo kò ní bíárìn tí iyọ̀ yóò jẹ. Bàbá mi lò ọ̀kan fún ọdún mẹ́wàá ní etí ọ̀sà.

Àǹtí Aláta, Dagenham: Ní Ọjà Olúwo ní Èpẹ́, ẹja á ṣì máa jà nínú agbọ̀n tí ìyá yóò ti máa dá a lé. Ọmọ Èpẹ́, ìwọ ni ó yẹ kí o máa sọ èyí fún wa. Níbo ni o wà?

Ọmọ Èpẹ́, Gravesend: Mo wà níbí, àǹtí. Mo ti ṣe bí ẹ̀gbọ́n Houston ṣe wí, láìsí ọṣẹ. Kẹ̀kẹ́ kékeré náà ti yí. Ọwọ́ ríìlì yí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, ó ké kíke bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, ó sì tún dúró. Mo lọ wo ọ̀pá, gíráàmù 20 sí 60 ni wọ́n kọ síbẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ìyẹn jẹ́ 4000 tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń kọ èyí lọ́wọ́ ni ìyàwó mi wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pa ọjọ́ dà, òru òní ni wọn yóò balẹ̀, wọ́n sì ní kí a bá wọn wa ẹrù ìpẹja wọn síta, nítorí pé àwọn gbọ́ pé títúsì ti pọ̀ ní Deal.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́jà, Manchester: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní agolo mílíìkì nílé?