Glioblastoma (jẹjẹrẹ ọpọlọ) tó tún hù: ìwádìí ìtọ́jú wo ló ṣì ń gba aláìsàn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ìwádìí ìtọ́jú tuntun, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Houston ni aláìsàn wà, ẹni ọdún 52. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ó gba ìtànṣán 60 Gy (ìwọ̀n ìtànṣán) ní ìgbà 30 pẹ̀lú temozolomide (oògùn jẹjẹrẹ), lẹ́yìn náà ó lo temozolomide nìkan fún oṣù mẹ́fà. Àyẹ̀wò kókó náà fi hàn pé apilẹ̀ àbùdá MGMT kò ní methylation (àmì tó máa ń jẹ́ kí temozolomide ṣiṣẹ́ dáadáa), apilẹ̀ àbùdá IDH kò sì yí padà, nítorí náà vorasidenib, oògùn fún kókó tí IDH rẹ̀ yí padà, kò kàn án.

Dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bevacizumab, oògùn tí kì í jẹ́ kí kókó hu iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: ọ̀pọ̀ ìwádìí kì í gba ẹni tó bá ti lò ó, torí ó lè mú kí àwòrán MRI dára ju bí kókó náà ṣe rí lọ. Ṣé ká kọ́kọ́ wá ìwádìí ná?

Dexamethasone (oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù) 8 mg ló ń lò lójúmọ́. Àwọn ìwádìí mìíràn ò fẹ́ ju 4 mg lọ. Ta ló mọ bí dókítà ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ọpọlọ tún wú?

A ti wo àwọn ìwádìí tí ClinicalTrials.gov (àkójọ ìwádìí ìtọ́jú lórí ayélujára) kọ “Recruiting” (à ń gba aláìsàn) sí, àmọ́ àyè lè ti kún kí wọ́n tó tún un kọ. Ẹran ara kókó tí wọ́n yọ nígbà iṣẹ́ abẹ, tí ìwádìí lè béèrè fún, ńkọ́, ṣé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ la ó ti béèrè rẹ̀?