Ẹ̀yin tí ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Northrop Frye ti bọ́ sí lọ́wọ́ rí, ẹ wá sọ tiyín

Akàwégbẹ́mìí

Ẹ kú ìjókòó o. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹni tó bá ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jìnnà díẹ̀ á ti gbúròó Northrop Frye, ọmọ Kánádà tó kọ *Anatomy of Criticism* ní 1957. Ìwé náà máa ń dẹ́rù bani. Baba to gbogbo ìtàn, ewì àti eré oníṣe sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iyèméjì ò wọ ilé rẹ̀ rí. Ojú tí mo fi ń wò ó nìyẹn kí n tó dé ilé-ìkàwé E. J. Pratt ní Victoria University, Toronto, níbi tí wọ́n kó ìwé rẹ̀ pamọ́ sí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lórí William Blake, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé mi débẹ̀, torí pé orí Blake ni *Fearful Symmetry*, ìwé ńlá àkọ́kọ́ tí Frye gbé jáde ní 1947, dá lé. Ẹ mọ bí ibi àpamọ́ ṣe ń rí. Báàgì á dúró síta, bírò ò gbọdọ̀ wọlé, pẹ́ńsù nìkan. Ẹ ó dá fáìlì kan padà kí ẹ tó gba òmíràn. Mo ti fọkàn sí i pé kíá ni máa parí. Àṣé ọwọ́ ìkọ̀wé baba yìí ló máa fojú mi rí màbo! Ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́, ó kọ ọ́ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ìdíje títẹ̀wé lórí ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gbé e wá sí Toronto láti Moncton, ìlú tó dàgbà sí, ní 1929. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò tẹ nóòtù rẹ̀?

Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ yìí lé ní 70, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì ní déètì. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ó kọ ọ́, ó fàyè sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé iṣẹ́ ńlá mẹ́jọ kan tó fẹ́ kọ ló ń tò kiri nínú wọn. Ó ti sọ gbogbo wọn lórúkọ: Liberal, Tragicomedy, Anticlimax, Rencontre, Mirage, Paradox, Ignoramus, Twilight, ó sì ní àmì tó fi ń dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tú u, tó ń tún un tò. Èyí tó wà níbí lónìí, ó ti ṣí lọ sọ́hùn-ún lọ́la. Bó ṣe là wọ́n sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n jáde. Bí mo ṣe rí nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀rù *Anatomy* kúrò lára mi. Ohùn tó dá lójú yẹn, lẹ́yìn tí baba ti bá ara rẹ̀ jà tán ló tó jáde.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì

O kú iṣẹ́, àbúrò mi. Èmi ò dé Toronto, mi ò sì mọ Blake yín yẹn. Lẹ́tà ni tèmi. Frye àti Helen Kemp tó padà fẹ́ kọ̀wé síra wọn láti 1932 sí 1939, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ìdìpọ̀ méjì ní 1996. Ìgbà tí ọkọ mi wà lókèèrè nídìí iṣẹ́ ni mo yá wọn. Ẹ má bi mí bí oorun ṣe rí lọ́sẹ̀ náà.

Ní 1934, ṣọ́ọ̀ṣì rán ọmọkùnrin yìí lọ wàásù ní Saskatchewan. Ẹṣin ló ń gùn láti oko kan sí òmíràn, ọmọ ìwé tí kò mọ̀ ju pátákó dùùrù àti ìwé lọ! Nígbà tí ìyẹn ń parí lọ, Helen ń múra àtilọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà ní Courtauld Institute ní London. Ìfẹ́ inú bébà ni wọ́n ń ṣe. Tí ẹ bá bi mí, Helen mọ lẹ́tà kọ ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Tọkọ ń ṣàlàyé, taya ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ibi tó ká mi lára ni nóòtù ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Helen kú ní 1986 ní Australia, níbi tí Frye lọ sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìwé lórí Bíbélì ló ń kọ nígbà náà. Nínú nóòtù, á máa ro tirẹ̀ lọ, á wá ṣàdédé yà bàrá sórí Helen. Mo pa ìwé dé, mo pe ọkọ mi.

Olùkọ́ Àgbà

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Frye, inú mi ò sì dùn sí i. Ẹ rántí pé ó fi ìgbà mẹ́rin tó wà nínú ọdún ṣàlàyé ìtàn: àwàdà ni ìgbà ìrúwé, ìtàn akin ni ìgbà ẹ̀rùn, àjálù ni ìgbà tí ewé ń wọ́, ẹ̀fẹ̀ àti yẹ̀yẹ́ ni ìgbà òtútù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí kò rí yìnyín rí nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa tí ò ní ìgbà òtútù, ṣé a kì í fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ni?” Kíláàsì tú ká. Mi ò tíì rí ìdáhùn tó tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yẹn.

Akàwégbẹ́mìí, mo gbọ́ tìẹ, ṣùgbọ́n rọra. Ohun tí èèyàn kọ fún ara rẹ̀ lóru kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́ ju ohun tó fọwọ́ sí lójúmọmọ lọ. Èmi ṣì máa fi *Anatomy* bá a jà, mi ò ní fi nóòtù bá a jà.

Àpamọ́ mìíràn tún wà o. Ní 2011 ló hàn síta pé ọlọ́pàá RCMP ti Kánádà ní fáìlì lórí rẹ̀, torí ó wà lára àwọn tó tako ogun Vietnam. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n gbọ́wọ́ lé lórí ní 1936! Ẹ̀yin tí PhD sì ń lé kiri, baba yìí ò ṣe é rárá. Oyè ọlá ni gbogbo èyí tó ní.

Ọmọ Tuntun

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lówó ọkọ̀ òfuurufú. Báwo ni mo ṣe lè rí nóòtù yìí kà?

Akàwégbẹ́mìí

Olùkọ́, mo gbà, ẹ̀bùrú lẹ gbà yọ sí mi.

Ọmọ Tuntun, má da ara rẹ láàmú. *Collected Works of Northrop Frye* ni kí o béèrè, ìdìpọ̀ 30, University of Toronto Press, 1996 sí 2012. Nóòtù, ìwé ìrántí ojoojúmọ́ àti lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Robert Denham ṣe gudugudu méje níbẹ̀, òun ló tú ọ̀pọ̀ nínú ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Àkọsílẹ̀ ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, *Late Notebooks*, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, má fi ti Blake bẹ̀rẹ̀. Tí owó ọkọ̀ bá wá dé lọ́jọ́ kan, kọ̀wé sí ilé-ìkàwé náà ṣáájú, kí o sì ní kí wọ́n fi àwọn ìwé tirẹ̀ tó kọ nǹkan sí létí hàn ọ́. Ìyẹn nìkan á gba ọ̀sẹ̀ rẹ.