Wárápá gbé àbúrò mi, ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóhùn, EEG (àyẹ̀wò iná ọpọlọ) ní kò sí nǹkan kan

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, wárápá ti ń ṣe é láti kékeré. Oṣù tó kọjá ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ méjì, ara ẹ̀ wá balẹ̀, a jọ jẹun, mo ní ó ti tán. Ọjọ́ kẹta ló ní òun ń gbóhùn, pé màmá wa fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, kò sùn, ó fẹ́ máa lu èèyàn. Wọ́n ṣe EEG fún un, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Àwọn ará ilé wá ń sọ pé wèrè nìyí, ká jáwọ́ nínú oògùn wárápá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àìsàn méjì ló ń bá a jà ni?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbá: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò ó sàn. Àárín ọjọ́ tára ẹ̀ fi balẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún dókítà. Tí wárápá bá gbé èèyàn léraléra, orí lè pé padà fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wá dàrú, postictal psychosis ni wọ́n ń pè é. Èsì EEG yẹn ò sọ pé kò ní wárápá o! Iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ló ń kọ sílẹ̀ látorí awọ orí, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, ibi tó jìn sínú lápá etí lè máa ṣe tiẹ̀ kí ẹ̀rọ má rí i. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè tún un ṣe nígbà tó bá ń sùn. Kó fọ irun ẹ̀, kó má fi ìpara sí i. Oògùn ńkọ́? Ẹ má dá a dúró láìsọ fún dókítà, ẹ jọ̀ọ́, wárápá lè máa gbé e tí kò ní dáwọ́ dúró, ìyẹn sì ń pààyàn.

Ìyá_Ìbejì: Oògùn náà lè fà á o. Wọ́n yí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí levetiracetam, wárápá dúró lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó ń bínú, ó ń fura sí gbogbo wa. Dókítà ló bá wa pààrọ̀ ẹ̀, ara ẹ̀ balẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn: Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe EEG yẹn? Mo bèèrè torí Landolt, dókítà ará Switzerland, ti rí i ní àwọn ọdún 1950 pé EEG àwọn kan tó ní wárápá máa ń dára sí i nígbà tórí wọn bá dàrú. Mi ò sọ pé tiẹ̀ nìyẹn. Láyé dókítà kan tó ń jẹ́ Meduna, 1934 ní Budapest, èrò ẹ̀ ni pé wárápá àti irú wèrè kan ò lè jọ gbé ara kan, débi pé ó ń fún àwọn tí wèrè yẹn ń ṣe ní camphor kí gìrì lè gbé wọn, kí wèrè náà lè lọ. Ìgbà tí àwọn dókítà Slater àti Beard ṣàlàyé nípa aláìsàn 69 ní London ní 1963, gbogbo wọn ló ní méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà: Ìgbà tó ṣì ń gbóhùn lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe é o! Kò sẹ́ni tó bi wá. Màmá ti ń kọ ọjọ́ tó bá gbé e àti ọjọ́ tó bá sọ ìsọkúsọ sórí kàlẹ́ńdà, a máa gbé e dání lọ́jọ́ Tuesday. Oògùn ẹ̀ ti alẹ́ yìí, mo ti fún un.